Ìjàpá Òkun Tí Wọ́n Ní Kí N Sè

Ìyá ọkọ mi ló pè mí láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ pé kí n máa bọ̀ ní Ìkọ̀tún kíákíá, ẹran ti dé. "Ìyàwó, mú ọ̀bẹ tó mú dáadáa dání o, tiwa ò mú mọ́. Ẹran yìí kì í ṣe ẹran kékeré." Mo béèrè pé ẹran wo ni, Màmá? Wọ́n ní tí mo bá dé, ojú mi á rí i. Wọ́n sì gé fóònù. Èmi rò pé màlúù ni. Mo di ọ̀bẹ mi sínú aṣọ, mo fi ilé wa ní Ìgandò sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ìyàwó tí mo jẹ́. Ọmọ Èkìtì ni mí, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, tíṣà ni bàbá àti ìyá mi, Ẹ̀gbẹ́dá ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Ọmọ onílẹ̀ ni ọkọ mi, Àwórì pọ́ńbélé, ilé Mùsùlùmí tí ẹnu wọn tólẹ̀ ní Ìkọ̀tún. Èmi ni mo kéré jù nínú àwọn ìyàwó ilé. Ìnáwó yòówù kó ṣẹlẹ̀ ní ilé ńlá, èmi ni mo máa jókòó ti iná. Ìwé tí mo kà ò yọ mí nínú ẹ̀. Mo wà lára àwọn tó ń ṣe ìwádìí lórí ìjàpá òkun, àmọ́ nílé ọkọ mi, "iṣẹ́ ẹja" ni wọ́n ń pè é. "Ìyàwó wa tó ń ṣiṣẹ́ ẹja." Mo ti ṣàlàyé títí ẹnu fi fẹ́ bó mi. Mo ti fi í sílẹ̀ jàre.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe ti inú ọ́fíìsì. Ní àsìkò tí àwọn ìjàpá òkun ń yé, à ń rìn létí òkun kí oòrùn tó yọ, à ń wá ipa tí wọ́n wọ́ sórí iyanrìn. Àwọn abo nìkan ló ń gòkè wá. Tá a bá rí èyí tó ń yé lọ́wọ́, a ó dúró jẹ́ẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ títí tí yóò fi ṣe tán, torí tó bá fura, yóò padà sómi láì yé. Lẹ́yìn ìyẹn la ó fi téèpù bíi ti télọ̀ wọn ẹ̀yìn rẹ̀, a ó gé awọ bíńtín lára rẹ̀, a ó sì so irin pẹlẹbẹ kan tó ní nọ́ńbà mọ́ apá iwájú rẹ̀, bíi yẹtí. Tí ẹlòmíràn bá rí i ní orílẹ̀-èdè míì lọ́jọ́ iwájú, irin yẹn ni yóò sọ ibi tó ti ń bọ̀. Èyí tó bá kú tí òkun gbé jáde, a ó la inú rẹ̀ wo. Ọ̀rá là ń bá níbẹ̀: ọ̀rá omi, ọ̀rá búrẹ́dì, okùn àwọ̀n. A sì ń ka ọ̀rá tó wà lórí iyanrìn pẹ̀lú, ká lè mọ èyí tí òkun gbé wá àti èyí tí kànáàlì àdúgbò wa ń kó lọ bá a. Mo ti la èyí tó kú dáadáa. Èyí tó ṣì ń mí, n ò tíì là á rí, mi ò sì gbàdúrà rẹ̀.

Ìgbà tí mo wọ ẹ̀yìnkùlé ilé ńlá, wọ́n ti to ààrò sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ti gbé ìkòkò ńlá kaná. Àbúrò ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ó ń lọ àdá lára sìmẹ́ńtì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ìjàpá òkun wà. Wọ́n ti fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀, ikùn rẹ̀ kọjú sókè, wọ́n fi okùn di apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Orí rẹ̀ fì sílẹ̀, omi ń ṣàn lójú rẹ̀.

"Wò ó, ó ń sunkún," ni ìyá ọkọ mi wí. "Ó mọ̀ pé a fẹ́ pa òun."

Kì í ṣe ẹkún. Iyọ̀ inú omi òkun ni wọ́n ń gba ojú dà nù. Mo mọ̀ ọ́n, mo ti ṣàlàyé rẹ̀ fún àìmọye èèyàn, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, ojú mi ti lọ síbòmíràn. Mo ti rí nǹkan tó ń dán lára apá rẹ̀.

Mo kúnlẹ̀ tì í. Irin wa ni. Mo wo ìdí ẹ̀yìn rẹ̀, mo rí ibi tó yọ bíi ìgbà tí èèyàn bu búrẹ́dì jẹ, níbi tí irin ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ti gé e nígbà kan. Yéè! Mo mọ̀ ọ́n. Òun ni àkọ́kọ́ tí ọ̀gá mi gbà kí n fi ọwọ́ ara mi so irin mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìjàpá náà mí gùúrù bí arúgbó tó gòkè ilé, ó fi iyanrìn sọ mí lójú, ó wọ́ lọ sínú omi. Odindi òkun ló wà níwájú rẹ̀. Kí ló wá gbé e dé Ìkọ̀tún?

"Àna wa ló mú un wá," ni ìyá ọkọ mi wí.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ni àna yìí. Ẹ̀bá òkun ló ń gbé, lọ́nà Àgbádárìgì, ó ní ọkọ̀ ojú omi àti àwọ̀n, àwọn apẹja sì ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ìyá bàbá ọkọ mi kú, gbogbo àna ló wá síbi ìsìnkú. Òun ò wá, kò ránṣẹ́. Bàbá ọkọ mi gbé e sí ikùn. Wọ́n ní àwọn ò ní fẹsẹ̀ tẹ ilé rẹ̀ mọ́, àwọn ò sì ní jẹ nǹkan tó ti ọwọ́ rẹ̀ wá. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wá wà láàárín méjì, ó ń sunkún lọ́dọ̀ bàbá, ó ń sunkún lọ́dọ̀ ọkọ. Báyìí, àna ti ránṣẹ́ ẹ̀bẹ̀. Ó fi ìjàpá òkun ṣáájú, òun fúnra rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Tí Bàbá bá jẹ ẹran náà lójú rẹ̀, ìjà parí. Bí Bàbá ò bá jẹ ẹ́, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi lè kó ẹrù rẹ̀ wálé.

Ẹ rí ibi tí mo kó sí.

Mo lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo pe ọkọ mi ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìdímù. Mo sọ fún un. Mo ní òfin wà tó ní kí ẹnikẹ́ni má pa á.

"Ta lo fẹ́ kí wọ́n wá mú?" ló bi mí. "Bàbá mi?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí lo wá sọ?"

Ṣé èèyàn á gbé ọlọ́pàá wọ ilé ọkọ ẹ̀ ni? Ó ní òun ń bọ̀, kí n má bá ẹnikẹ́ni jà kí òun tó dé.

Mo padà sídìí ìjàpá náà. Tó bá fẹ̀yìn lélẹ̀ bẹ́ẹ̀ pẹ́, ara rẹ̀ tó wúwo á máa tẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, kò ní lè mí dáadáa. Mo ní kí àbúrò ọkọ mi bá mi yí i padà. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó mi, ẹran tá a fẹ́ pa, ṣé o fẹ́ kó jókòó ire ni?" Mo ní, "Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e ṣá." Ó rí ojú mi, ó gbé e. Mo tú aṣọ ìborùn mi, mo rẹ ẹ́ sínú omi, mo fi bo ẹ̀yìn rẹ̀. Mo wá ti ìka mi bọ ibi tó jìn díẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ wa, kí n lè mọ̀ bóyá ẹyin wà nínú rẹ̀.

Ẹyin wà níbẹ̀. Wọ́n ń yí lábẹ́ ìka mi, róbótó-róbótó. Ó kún.

Inú mi dùn, ẹ má dá mi lóhùn. Mo rò pé mo ti rí ọ̀nà. Mo mọ ìyá ọkọ mi: ewúrẹ́ tó lóyún kì í kú lójú wọn. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ọwọ́ yín wá." Mo ti ìka wọn sí ibẹ̀. Mo ní, "Ṣé ọwọ́ yín bà á? Aboyún ni o, Màmá. Wọ́n mú un níbi tó ti ń lọ yé."

Ojú wọn yí padà. Ìka wọn ń lọ síwá sẹ́yìn, wọn ò yọ ọ́. Mo ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ó ti parí.

Ni wọ́n bá kígbe sí àbúrò ọkọ mi: "Wá gbọ́ o! Ẹyin kún inú ẹ̀ fọ́fọ́! Àwọn ará etí òkun ní ẹyin ẹ̀ gan-an ló dùn jù!" Wọ́n dojú kọ mí. "Ìyàwó, o káre. Fi ata rodo kún ata yẹn. Ó yẹ kí Alhaji gbọ́ èyí." Bàbá ọkọ mi ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

Adìẹ tó lẹ́yin là ń pa jẹ lójoojúmọ́, mo gbàgbé! Ẹyin kì í ṣe oyún lójú wọn. Èmi tí mo fẹ́ gbà á là ni mo fi iyọ̀ sí i lára. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ gbá ara mi létí.

Àbúrò ọkọ mi fi àtàǹpàkò tọ́ ojú àdá wò. Ó ní ó ti tó. Omi inú ìkòkò ti ń kùn.

Mo sáré wọ pálọ̀. Bàbá ọkọ mi ti ṣe àlùwàlá tán, wọ́n ń wọ fìlà láti lọ kí ìrun Jímọ̀. Mo kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà gan-an, ibi tí wọn ò lè gbà kọjá láìjẹ́ pé mo kúrò.

"Ìyàwó, ẹran ń hó?"

"Rárá, sà. Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pa á."

Wọ́n wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí mo sọ. Mo bá ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ń já lu ara wọn. Mo ní iṣẹ́ mi nìyí, sà, èyí tí ẹ ń pè ní iṣẹ́ ẹja. Mo ní èmi ni mo so irin tó wà lápá rẹ̀. Mo ní ọdún pípẹ́ ni wọ́n fi ń dàgbà kí wọ́n tó yé, inú ọ̀pọ̀ ẹyin, bóyá ọ̀kan ni yóò dàgbà, èyí tó kù kò tó nǹkan mọ́, àwọ̀n ń mú wọn, ọ̀rá ń pa wọ́n. Mo ní tí wọ́n bá pa eléyìí, ọmọ inú rẹ̀ lọ, ọmọ ọmọ rẹ̀ náà lọ.

Wọ́n jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Ohùn wọn ò lọ sókè, ìyẹn gan-an ló sì bà mí lẹ́rù.

"Ẹran ìpẹ̀tù nìyẹn. O fẹ́ kí n wí fún àna mi pé mi ò gba ẹ̀bẹ̀ rẹ̀? Kí ọmọ mi padà wálé nítorí ìjàpá?"

"Rárá o, sà."

"Dìde. Mo fẹ́ lọ kírun."

Mi ò dìde. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé yẹn, wọn ò tíì rán mi níṣẹ́ tí mo kọ̀ rí. Ìyá ọkọ mi ti dé ẹ̀yìn mi, wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀. "Ìyàwó, ṣé orí ẹ pé ṣá? Ilé ọkọ lo wà o! Dìde lẹ́nu ọ̀nà fún Alhaji!" Omijé bọ́ lójú mi, mo ní ẹ má bínú, Màmá, mi ò lè dìde.

Ìgbà yẹn ni ọkọ mi wọlé, òógùn bò ó. Bàbá wò ó. "Ìwọ ńkọ́? Ìyàwó rẹ ti dí ọ̀nà mọ́ mi. Kí lo rí sọ?"

Ọkọ mi kì í ṣe ẹni tó máa ń lè fọhùn níwájú bàbá rẹ̀. Mo gbójú sókè wò ó, ó ń wo ilẹ̀. Mo sọ nínú ara mi pé ó ti tán nìyẹn, ó máa gbá mi lápá mú, á fà mí kúrò. Ó bọ́ bàtà, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Àbúrò rẹ̀ ń pariwo láti ẹ̀yìnkùlé pé omi ti hó o, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀.

"Sọ fún un kó dúró," ni Bàbá wí fún ìyá ọkọ mi. Wọ́n jókòó. Wọ́n ṣí fìlà. "Ẹ gbọ́ mi, ẹ̀yin méjèèjì. Ẹni tó mú ẹran wá ló lè yọ̀ǹda rẹ̀, kì í ṣe èmi. Màá pè é báyìí, ìwọ ìyàwó á fi ẹnu ara rẹ bẹ̀ ẹ́. Tó bá ní ká pa á, wàá dìde níbẹ̀, wàá lọ sè é. Ọwọ́ rẹ yìí ni wàá fi gé e. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà."

Wọ́n tẹ nọ́ńbà, wọ́n jẹ́ kí ohùn fóònù jáde síta. Àna gbé e ní Ìyànà-Ìbà, a ń gbọ́ àwọn tó ń fọn fèrè mọ́tò. Òun àti Bàbá ò tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀ látìgbà ìsìnkú. Bàbá ò kí i, wọ́n kàn na fóònù sí mi. Mo kí i, mo sọ ẹni tí mo jẹ́, mo ní ẹ̀bùn yín dára, gbogbo ilé ló yọ̀ sí i, àmọ́ ẹ̀mí ìjàpá náà ni mo fẹ́ tọrọ. Mo ní ẹ fi jìn mí, sà, kí n lè dá a padà sí òkun.

Mo ń wo àdá tí àbúrò ọkọ mi gbé lọ́wọ́ lójú fèrèsé.

Àna bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa! Ẹ̀yin lẹ fẹ́ ẹ? Ẹ̀rù ti bà mí, mo rò pé Alhaji ní kí n máa padà lọ ni! Ẹ mú un. Ohun tó bá wu ìyàwó ilé yẹn, ó wù mí." Ohùn rẹ̀ wá rọ̀. "Alhaji, ṣé ẹ wà níbẹ̀, sà? Mo jẹ̀bi ní ti ìsìnkú Ìyá àgbà. Ẹ fìjà fún Ọlọ́run jà."

Bàbá wo ojú mi, wọ́n wo ọkọ mi nílẹ̀. "Mo ti gbà á," ni wọ́n wí. "Máa bọ̀."

Adìẹ la pa. Mo da iyọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n sì jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Àna jẹun pẹ̀lú Bàbá nínú àwo kan náà. Bí wọ́n ṣe jẹun tán, òun fúnra rẹ̀ bá wa gbé ìjàpá náà sẹ́yìn mọ́tò akẹ́rù rẹ̀, èmi àti ọkọ mi jókòó tì í, a ń da omi sí aṣọ tó bò ó. A gba Ìgandò já sí Ìyànà-Ìbà. Kò mira mọ́. Ojú rẹ̀ ti ń pa dé, mo fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, kò fà á sẹ́yìn. Mo ń sọ fún un pé má kú o, lẹ́yìn gbogbo èyí, má dán an wò. Ọkọ mi ń da omi. Ìjàpá náà ṣáà ń pẹ́ gan-an kó tó mí, ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá sì mí, èmi náà á mí.

Oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tí a tú okùn rẹ̀ létí omi. Ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀ bí òkúta. Ìgbì kan dé, kò mira. Òmíràn dé, ó gbé orí sókè. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló fi apá gbá iyanrìn, ó wọ́, ó wọ́, omi sì gbà á. Mo sunkún bí ọmọdé, ojú ò tì mí.

Àna dúró, ó ń wò mí, ẹ̀rín ń pa á. "Ìyàwó wa, ẹ fẹ́ràn rẹ̀ gan-an o."

"Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, sà. Ẹ ṣeun, sà. Ọlọ́run á ṣe tiyín."

Ọ̀rọ̀ àwọ̀n wà lẹ́nu mi, pé ọ̀nà wà láti mú ẹja kí ìjàpá sì jáde. Mo gbé e mì. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣoore fún èèyàn, ṣé ibẹ̀ náà la ó ti máa kọ́ ọ níṣẹ́ ẹ̀? Mo ní ó di ọjọ́ mìíràn.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ọjọ́ Sunday kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbọ́ fèrè mọ́tò lẹ́nu géètì wa ní Ìgandò. Àna àti ìyàwó rẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti sanra, ojú rẹ̀ ń dán, ó gbá mi mọ́ra kò fẹ́ fi mí sílẹ̀. "Ìwọ lo tún ilé mi ṣe," ló ń wí sí mi létí. "Ìwọ ni. Mi ò ní gbàgbé láyé."

Àna mú mi lọ́wọ́ lọ sẹ́yìn mọ́tò. Inú rẹ̀ ń dùn, ó ń rìn bí ẹni tó mú aṣọ ọdún bọ̀ wálé. Ó ṣí tapólì tó fi bo ẹrù.

Ìjàpá òkun ló kún ibẹ̀. Wọ́n to wọ́n lérí ara wọn, ikùn wọn kọjú sókè, okùn wà lápá, okùn wà lẹ́sẹ̀. Ojú èyí tó wà nísàlẹ̀ ti gbẹ.

"Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti kìlọ̀ fún gbogbo àwọn apẹja mi," ni àna wí. "Mo ní ẹni tó bá tà á fún ẹlòmíràn, òun àti èmi ni. Ìyàwó wa ló ni gbogbo ẹ̀. Wọ́n ń wá a káàkiri fún yín báyìí, àwọn míì ti fi ẹja sílẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo ẹnu mi. Ọkọ mi ti jáde, ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, kò lè sún mọ́ wa. Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ ṣeun, sà, ẹ kú ìnáwó.

"Kò tópẹ́, ìyàwó wa," ni àna wí, ó ti ń tú okùn ti òkè. "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé àwọn yìí wọlé. Mọ́tò ò gba àwọn yòókù. Lọ́la ni màá kó wọn wá."